PS5, Xbox Series S tàbí Switch 2: èwo ni kí ẹni tó ti ní PS4 nílé rà?

Ìbéèrè: PS4 ni mo ní, pẹ̀lú díìsìkì géèmù mẹ́rìnlá. Fáànù rẹ̀ ti ń pariwo, mo sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n mi kò ju 1080p lọ. Bọ́ọ̀lù àti eré ọkọ̀ ni mo máa ń ṣe jù; àwọn ọmọ mi méjì, ọmọ ọdún mẹ́fà àti ọmọ ọdún mẹ́wàá, náà fẹ́ máa ṣeré. Íntánẹ́ẹ̀tì mi kì í ṣe àlòfẹ́, iye GB tí mo bá rà ni mò ń lò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra Xbox Series S torí pé owó rẹ̀ ló kéré jù. Òmíràn ní Switch 2 ló dáa nítorí àwọn ọmọ. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: PS5 tó ní ẹ̀rọ díìsìkì ni kí ẹ rà. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ohun méjì ló ti yanjú ọ̀rọ̀ náà kí a tó dé orí agbára ẹ̀rọ rárá: díìsìkì mẹ́rìnlá tó wà nílé, àti dátà tí ẹ ń fi owó rà ní ìwọ̀n. Àwọn ọ̀rẹ́ yín méjèèjì kò purọ́. Ilé tó yàtọ̀ sí tiyín ni ìmọ̀ràn wọn bá mu.

Teraflops, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí ẹ̀rọ fi ń ya àwòrán, ni àwọn èèyàn máa ń fi bára wọn jiyàn jù: 12 fún Xbox Series X, 10.28 fún PS5, 4 fún Series S. Òótọ́ ni àwọn iye náà. Àmọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n 1080p, kò sí bí ẹni tó jókòó sórí àga ṣe máa mọ ìyàtọ̀ 12 sí 10. Irú Zen 2 láti ọwọ́ AMD ni ọpọlọ Series X àti ti PS5, 16GB ni mẹ́mórì àwọn méjèèjì, géèmù kan náà ni wọ́n sì ń gbé jáde fún wọn. Ibi tí ìyà ti ń jẹ ẹni tó ra ẹ̀rọ géèmù ni ọ̀nà tí géèmù máa gbà dé inú rẹ̀, àti ibi tí géèmù náà máa gbé lẹ́yìn tó bá dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gran Turismo 7 lórí PS5 ń fẹ́ àyè tó lé ní 100GB. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń sáré 10Mbps láìdábọ̀, 100GB á gbà tó wákàtí 22 kó tó parí. Tó bá jẹ́ 25Mbps, nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Géèmù kan ṣoṣo nìyẹn. Díìsìkì PS5 lè gbé tó 100GB, àtinú rẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ti máa ń da géèmù náà kọ sínú SSD (àyè ìpamọ́ inú ẹ̀rọ) láìfọwọ́ kan dátà yín, àyàfi àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe sí géèmù náà lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ díìsìkì. Bó tilẹ̀ ti wà nínú SSD, díìsìkì ṣì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ẹ̀rọ nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, nítorí díìsìkì ni ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Ìdí kan náà ni ẹ fi lè tà á tàbí kí ẹ fi yá ẹlòmíràn nígbà tó bá sú yín, ohun tí kò ṣeé ṣe fún géèmù tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kì í ṣe gbogbo díìsìkì ló kún o. Call of Duty: Modern Warfare II tó jáde ní 2022, nǹkan bíi 70MB péré ló wà lórí díìsìkì rẹ̀, gbogbo ìyókù di ti íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó sanwó géèmù èyíkéyìí, ẹ yí páálí rẹ̀ padà, kí ẹ wá ìlà kékeré tó sọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé dandan ni kí ẹ gba nǹkan sílẹ̀ kí géèmù tó lè ṣí, ẹ mọ̀ pé ìdajì owó géèmù yẹn ṣì ń bọ̀ lọ́nà dátà.

Ní ti díìsìkì mẹ́rìnlá yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀. Sony sọ pé nínú géèmù PS4 tó lé ní 4,000, ó lé ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń ṣiṣẹ́ lórí PS5. Ẹ máa ki díìsìkì bọ̀ ọ́ ni, á dà á kọ, ó parí. Àwọn kan nínú wọn tún ní ẹ̀dà PS5 tí wọ́n máa fún ẹni tó ní díìsìkì PS4 lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí pẹ̀lú àfikún owó díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ní ẹnu díìsìkì nìkan ló lè jàǹfààní rẹ̀. Ibi tí àwọn tó ra Digital Edition (PS5 tí kò ní ẹnu díìsìkì) láìronú ti máa ń ká ọwọ́ lérí nìyẹn: díìsìkì wà nílé, kò síbi tí wọ́n máa kì í bọ̀.

Ẹ má ta PS4 náà kí PS5 tó dé. Ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà, èyí tí mo fẹ́ràn fún yín ni háàdì dísìkì ìta tó ń lo USB. Ẹ so ó mọ́ PS4, ẹ jẹ́ kí PS4 ṣètò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àyè ìpamọ́ géèmù (á pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́, nítorí náà ẹ yọ fọ́tò yín kúrò), kí ẹ sì kó àwọn géèmù PS4 lọ sórí rẹ̀. Háàdì dísìkì náà ní láti tó 250GB ó kéré tán, kó má sì ju 8TB lọ. Nígbà tí PS5 bá dé, ẹ yọ ọ́ níbẹ̀ kí ẹ kì í bọ ẹ̀yìn PS5, àwọn géèmù náà á hàn lójú kan náà, wọ́n á sì ṣeé ṣe tààrà láti orí rẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo sọ: lára PS5 àkọ́kọ́, ihò USB títẹ́ tó wà níwájú kò yára tó, ẹ̀rọ náà kò sì ní gba háàdì dísìkì níbẹ̀. Ẹ má fi ohun tó ń pín USB sí méjì-mẹ́ta sáàárín wọn pẹ̀lú.

Géèmù nìkan ló lọ yẹn, ibi tí ẹ bá eré dé kò sí níbẹ̀. Ìyẹn nílò fíláàṣì lásán tí a ti ṣètò sí exFAT tàbí FAT32. Lórí PS4, ẹ wọ Settings, Application Saved Data Management, Saved Data in System Storage, kí ẹ yan Copy to USB Storage Device. Lórí PS5, Settings, Saved Data and Game/App Settings, Saved Data (PS4), ibẹ̀ lẹ ti máa kó o wọlé. Àkáǹtì kan náà ni kí ẹ fi wọlé lórí ẹ̀rọ méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ PS5 kò ní jẹ́ kí ẹ lò ó. Ẹ sì mọ̀ pé ibi tí ẹ bá eré dé lórí ẹ̀dà PS4 kì í fìgbà gbogbo wọ ẹ̀dà PS5 ti géèmù kan náà; àwọn géèmù bọ́ọ̀lù ló máa ń fi èyí dá èèyàn lóró jù.

Àwọn tó bá ní ọ̀pọ̀ géèmù lórí PS4 wọn lè lo ọ̀nà kejì: Settings, System, System Software, Data Transfer lórí PS5, tí ẹ̀rọ méjèèjì bá wà lórí ráútà kan náà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ẹ fi wáyà LAN so wọ́n, torí Wi-Fi á sọ iṣẹ́ wákàtí méjì di ti ilẹ̀ mọ́.

Páàdì PS4 yín náà kò ní di aláìwúlò. DualShock 4 ń ṣiṣẹ́ lórí PS5 fún géèmù PS4, kò kàn ní ṣiṣẹ́ fún géèmù PS5. Ìyẹn túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ méjèèjì lè jọ ṣe géèmù PS4 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tó ra DualSense (páàdì PS5) kejì.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ Series S. Kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú. Ó kéré, kì í pariwo, orí 1440p ni wọ́n sì ṣe é lé, nítorí náà 1080p yín bá a mu rẹ́gí. Fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò lópin, tí kò ní díìsìkì kankan tẹ́lẹ̀, tó sì fẹ́ máa san owó Game Pass lóṣooṣù kó máa bá géèmù tuntun pàdé, òun náà ni màá ní kó rà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa ṣe fún ẹ̀yin. Kò ní ẹnu díìsìkì, kò sì sí èyí tí ẹ lè rà mọ́ ọn. Gbogbo géèmù tó máa wọ inú rẹ̀, láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù, dátà yín ni yóò gbé e wọlé. Èyí tí wọ́n pè ní 512GB, nǹkan bíi 364GB ló ṣẹ́ kù fún géèmù nígbà tí ètò ẹ̀rọ bá ti jókòó tán. Géèmù ńlá mẹ́ta, ó ti kún. Ẹ pa ọ̀kan rẹ́ kí òmíràn lè wọlé, lọ́jọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ èyí tí ẹ pa rẹ́, ẹ tún ra dátà. Èyí tó ní 1TB wà láti 2023, ìyẹn sàn jù, àmọ́ ọ̀rọ̀ dátà kò tíì kúrò níbẹ̀.

Ẹnìkan á ní kí ẹ so háàdì dísìkì USB mọ́ ọn. Ó ń gbà á, ṣùgbọ́n géèmù tí wọ́n ṣe fún Series X àti Series S kì í ṣiṣẹ́ láti orí USB. Orí rẹ̀ ló kàn lè sùn sí. Àfi káàdì àfikún tí wọ́n dìídì ṣe fún Xbox, èyí tí Seagate àti WD ń ṣe, tó ń wọ ihò kékeré kan lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ra Series S nítorí owó rẹ̀ kéré, kó ṣírò káàdì yẹn mọ́ ọn kó tó sọ pé òun rí i ní ọ̀pọ̀.

Mẹ́mórì rẹ̀ náà kò yẹ ká fò ó. 10GB ló ní, nígbà tí Series X àti PS5 ní 16GB. Baldur's Gate 3 dé orí PS5 ní September 2023, ó di December ọdún yẹn kó tó dé orí Xbox, ìdí rẹ̀ sì ni pé Series S kò lè gbé eré ẹni méjì lórí ojú tẹlifíṣọ̀n kan tí a pín sí méjì. Láìsí ẹ̀yà náà ni wọ́n fi gbé e jáde lórí Series S, wọn kò rí i fi sí i títí di àtúnṣe tí wọ́n pè ní Patch 8 ní April 2025. Ilé tó ní ọmọ méjì, pínpín ojú tẹlifíṣọ̀n sí méjì ni ohun tí wọ́n máa ń béèrè jù lọ.

Series X ńkọ́? Ó lágbára, ó ní ẹnu díìsìkì (àyàfi èyí funfun ti 2024), àwọn géèmù Xbox One àti ọ̀pọ̀ ti Xbox 360 sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ díìsìkì Xbox mẹ́rìnlá lẹ ní, òun ni ǹ bá sọ. Kò lè ka díìsìkì PS4. Àti pé ẹni tó fẹ́ràn eré ọkọ̀ ti rí ẹ̀bùn gbà: Forza Horizon 5, tó ti jẹ́ ti Xbox àti kọ̀ǹpútà nìkan látilẹ̀, dé orí PS5 ní 29 April 2025, nígbà tí Gran Turismo 7 kò kúrò lórí PlayStation. Orí PS5 lẹ ti lè ṣe àwọn méjèèjì. Tí ọ̀rẹ́ yín bá sì ra Series S tirẹ̀, ìyẹn kò ní kí ẹ má bára yín gbá bọ́ọ̀lù: EA Sports FC ń jẹ́ kí ẹni tó wà lórí PS5 pàdé ẹni tó wà lórí Xbox Series lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹ̀dà géèmù wọn bá jẹ́ ti ọdún kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí PS4 báyìí kò lè bá a pàdé, torí ẹ̀dà PS4 kì í bá ẹ̀dà PS5 tàbí Xbox Series pàdé.

Switch 2 ni mo ní ọ̀wọ̀ fún jù nínú àbá méjèèjì. Ó jáde ní 5 June 2025, Mario àti Zelda kò sì sí lórí PS5 tàbí Xbox. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sí ẹni tó ń ṣe géèmù tó rọrùn láti gbá mú bíi ti Nintendo. Tí ẹ bá ṣí páálí rẹ̀, Joy-Con 2 méjì (páàdì kéékèèké rẹ̀) tó wà nínú rẹ̀ ti tó ọmọ méjì fún ọ̀pọ̀ géèmù, ẹnì kan á mú ti ọ̀tún, ẹnì kejì ti òsì. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 7.9, ó sì ṣeé gbé kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n tí ẹ bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Àwọn géèmù Nintendo fúnra rẹ̀ kì í sanra: Zelda: Tears of the Kingdom, nǹkan bíi 16GB ni.

Kí ló dé tí n kò fi ní kí ẹ rà á? Àkọ́kọ́, Gran Turismo kò sí níbẹ̀, díìsìkì yín kò sì wúlò níbẹ̀. Ìkejì, ọ̀pọ̀ géèmù tí àwọn iléeṣẹ́ míì ń ṣe fún un ń jáde lórí ohun tí wọ́n pè ní game-key card. Ẹ mú páálí géèmù náà dání kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ níwájú: bí ẹ bá rí àwòrán kọ́kọ́rọ́ kékeré, kò sí géèmù nínú káàdì yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣílẹ̀kùn. Géèmù gan-an, ẹ máa gbà á láti íntánẹ́ẹ̀tì, káàdì náà sì tún gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rọ nígbà eré. Wàhálà díìsìkì àti wàhálà dátà pa pọ̀ sójú kan. Ìkẹta, àyè ìpamọ́ rẹ̀ jẹ́ 256GB, microSD Express nìkan ló sì ń gbà fún géèmù. Káàdì microSD tó wà nínú fóònù yín kò ní ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n kọ EX sí lára ni kí ẹ wá. Àwọn tó ń ta káàdì kì í fìgbà gbogbo sọ ìyẹn. Bátìrì rẹ̀, wákàtí méjì sí mẹ́fà àtààbọ̀ ni Nintendo fúnra rẹ̀ kọ, géèmù tó wúwo ló sì ń fà á sọ́dọ̀ méjì. Ẹ fi í ṣe ẹ̀rọ kejì nílé lọ́jọ́ iwájú, kó má ṣe jẹ́ àkọ́kọ́.

PS5 wo gan-an wá ni? Ti 2020 ní àyè 825GB, èyí tí nǹkan bíi 667GB nínú rẹ̀ ṣẹ́ kù fún géèmù. Èyí tó tínrín tó jáde ní November 2023 ní 1TB, nǹkan bíi 840GB ló ṣẹ́ kù. Tínrín yẹn ni kí ẹ rà. Ìyàtọ̀ tó wà lára rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ díìsìkì rẹ̀ ṣeé yọ ṣeé fi, nítorí náà ẹni tó kọ́kọ́ ra Digital lè wá ra ẹ̀rọ díìsìkì lọ́tọ̀. Digital ti 2020 kò lè gbà á láéláé. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára páálí tàbí lára ẹ̀rọ: CFI tó bá ní A lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀ ní ẹnu díìsìkì, èyí tó bá ní B jẹ́ Digital. Ẹ ka iye GB tí wọ́n kọ sí páálí pẹ̀lú, ẹ má gbára lé ohun tí ẹni tó ń tà á sọ. Bí ẹ bá so ẹ̀rọ díìsìkì mọ́ PS5 fún ìgbà àkọ́kọ́, ó máa béèrè íntánẹ́ẹ̀tì kó lè mọ ẹ̀rọ tó wà lára rẹ̀. Dátà díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n láìsí i, kò ní ka díìsìkì kankan.

PS5 Pro ti November 2024 kò kàn yín. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ni kí àwòrán lè mọ́ sí i lórí tẹlifíṣọ̀n 4K, wọ́n tún ń tà á láìsí ẹ̀rọ díìsìkì.

Lórí 1080p, ẹ ṣe ohun mẹ́ta lọ́jọ́ tí ẹ bá tan PS5. Ẹ wọ Settings, Saved Data and Game/App Settings, Game Presets, kí ẹ yan Performance Mode dípò Resolution Mode: ọ̀pọ̀ géèmù á wá máa fún yín ní àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ló sì ń mú bọ́ọ̀lù àti ọkọ̀ dán mọ́rán lójú, ẹ kò lè rí 4K lórí tẹlifíṣọ̀n yín bó ti wù kó rí. Lẹ́yìn náà, bí tẹlifíṣọ̀n kò bá ní HDR (ètò tó ń mú ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ àwòrán gbòòrò sí i), tàbí tó jẹ́ HDR orúkọ lásán, ẹ pa HDR lórí PS5; àwòrán tó ń ṣú bíi ìrọ̀lẹ́ kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ẹ̀rọ. Ìkẹta wà lára tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀: ẹ wá Game Mode kí ẹ tan án. Láìtan án, tẹlifíṣọ̀n á kọ́kọ́ máa ṣe àwòrán lẹ́wà kó tó gbé e jáde, ẹ ó ti tẹ bọ́tìnì, àwòrán á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú. Ọ̀pọ̀ tó ń bú páàdì, Game Mode ni wọn kò tan.

Ibi tí ẹ gbé e sí náà ṣe pàtàkì, torí ariwo PS4 yín yẹn, eruku àti òróró ìtutù tó ti gbẹ lórí ọpọlọ ẹ̀rọ ló sábà máa ń fà á. (Ẹ lè tún ìyẹn ṣe kí ẹ gbé PS4 náà sí yàrá àwọn ọmọ.) Sony ní kí PS5 jìnnà sí ògiri ní 10cm ó kéré tán. Ẹ má kì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tì. Lára ti 2020, bí ẹ bá ṣí ìbòrí funfun rẹ̀, ẹ ó rí ihò méjì tí eruku ń kó sí. Ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa eruku lásán ni kí ẹ gbé sí i, ẹ̀rọ náà ní pípa. Ẹ má ṣí kọjá ibẹ̀. Ohun tó ń tu ọpọlọ PS5 lára jẹ́ irin tó ń ṣàn, kì í ṣe òróró bíi ti PS4, bó bá sì kán sí ibi tí iná ń gbà kọjá, ẹ̀rọ ti lọ. Bí iná bá máa ń já lójijì níbi tí ẹ wà, ẹ má fi PS5 sílẹ̀ nínú Rest Mode (ibi tó ti ń sinmi láìkú tán). Ẹ pa á pátápátá, torí iná tó já nígbà tó ń kọ nǹkan sí SSD lè ba géèmù tàbí ibi tí ẹ bá eré dé jẹ́.

Àyè ìpamọ́ tuntun ni kí ẹ rà kẹ́yìn. Ẹ fi háàdì dísìkì ìta gbé géèmù PS4, kí ẹ fi SSD inú sílẹ̀ fún ti PS5, torí géèmù PS5 náà kì í ṣiṣẹ́ láti orí USB. Nígbà tó bá kún lóòótọ́, SSD pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní M.2 NVMe ni kí ẹ rà, irú PCIe 4.0, tó lè kà tó 5,500MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó sì ní irin ìtutù lórí. M.2 tó jẹ́ SATA rí bákan náà lójú, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ wọn gíga rẹ̀ pẹ̀lú irin ìtutù: kò gbọ́dọ̀ ju 11.25mm lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìbòrí ihò náà kò ní pa dé. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ ṣí ìbòrí, ẹ tú súkúrù ihò náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ wà níbí: òrùka irin kékeré kan wà nínú ihò náà tí a gbọ́dọ̀ gbé lọ sí nọ́ńbà tó bá gígùn M.2 mu, 80 fún èyí tó wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ sí 110, súkúrù kò ní mú, M.2 á máa mì. Ẹ ki M.2 bọ̀ ọ́ ní dídàgẹ̀ẹ́rẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ lulẹ̀, ẹ de súkúrù, ẹ tan ẹ̀rọ. PS5 fúnra rẹ̀ á ní kí ẹ ṣètò rẹ̀.

Fún àwọn ọmọ, ẹ ṣí àkáǹtì ọmọdé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lábẹ́ tiyín. Ibẹ̀ lẹ ti máa dá wákàtí eré lé wọn lórí, tí ẹ ó sì ti pa rírà nǹkan. Ẹ tan Console Sharing and Offline Play lórí PS5 yín kí géèmù tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣí lórí àkáǹtì tiwọn náà. Astro's Playroom ti wà nínú PS5 láti ilé tí wọ́n ti ṣe é, kò ná yín ní dátà, ọmọ ọdún mẹ́fà sì lè ṣe é. Jíjọ ṣeré nínú ilé lórí tẹlifíṣọ̀n kan kò gba owó kankan. PS Plus, ètò tí ẹ máa ń sanwó fún lọ́dọ̀ Sony, ni géèmù olówó ń béèrè kí ẹ tó lè bá ará ìta pàdé, àmọ́ Fortnite àti Rocket League kò béèrè rẹ̀. Ẹ sì mọ ọ̀kan: ibi tí ẹ bá géèmù PS5 dé kò ṣeé kó sí fíláàṣì. PS Plus ló ń fi í pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹ gbé e láti PS5 kan sí òmíràn tààrà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra káàdì owó PlayStation, orílẹ̀-èdè tí ẹ fi ṣí àkáǹtì ni ti káàdì náà gbọ́dọ̀ jẹ́.

Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ mú díìsìkì méjì dání, ti PS4 kan àti ti PS5 kan, pẹ̀lú fóònù tó ní dátà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò HDMI ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ wo bí àwọn ahọ́n kéékèèké inú rẹ̀ bá tò tààrà. Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ẹ mì ín díẹ̀, bí àwòrán bá ń ṣẹ́jú, títún un ṣe kì í ṣe owó kékeré. Ẹ ki díìsìkì méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ PS5 tínrín, ẹ̀rọ díìsìkì rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí wọ́n yọ lára òmíràn, ẹ jẹ́ kí ó kà á lójú yín. Ẹ gbé páàdì sílẹ̀ lórí tábìlì láìfọwọ́ kàn án. Bí àmì tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n bá ń rìn fúnra rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ ti jẹ. Ẹ ṣe géèmù tó wúwo fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ gbọ́ fáànù. Lẹ́yìn náà kí ẹni tó ń tà á fi Reset Your Console nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi àkáǹtì tiyín wọlé, torí ẹ̀rọ tí Sony ti fòfin dè kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ PSN (ìkànnì PlayStation lórí íntánẹ́ẹ̀tì). Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí ẹ wọlé kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.